Erékùṣù tí wọn kì í kánjú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbi gbogbo tí ẹ bá wà. Yìnyín ń bọ́ ní Montréal níbí, ọkàn mi sì ti lọ sí Caye Caulker.

Erékùṣù kékeré kan ni, ní Belize, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Belize City. Iyanrìn ni wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, mọ́tò ò sì wọ́pọ̀. Kẹ̀kẹ́ àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń lò ní pápá góòfù ló pọ̀ níbẹ̀.

Ìkíni wọn ló wọ̀ mí lára jù. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà á kí ọ kó tó kọjá. Ìyá olóúnjẹ á bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa, á sì dúró gbọ́ èsì. Ní Àjàṣẹ́, ta ló jẹ́ kọjá lára ìyá ẹlẹ́kọ láì béèrè ilé, béèrè ọmọ, béèrè ọjà? Montréal ti kọ́ mi láti gé ìkíni kúrú, ó sì ń dùn mí. Ní erékùṣù yẹn, mo tún ráyè kí èèyàn parí.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ nínú wàrà àgbọn! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ àtásì, ìrẹsì ẹlẹ́wà tiwa, dàgbà, ẹ ó gbádùn ẹ̀.

Òkìtì iyùn abẹ́ òkun, tí UNESCO kọ àwọn apá kan rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1996, ló ń gba ìgbì dúró níwájú erékùṣù náà, ni omi etí ilé fi pa rọ́rọ́ bí ọ̀sà wa lọ́nà Aguégués. Síbẹ̀, òkun ti ṣe wọ́n léṣe rí. Ìjì Hattie ọdún 1961 ló la ọ̀nà omi gba àárín erékùṣù náà, níbi tí wọ́n ń pè ní The Split. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọdé ti ń bẹ́ sómi lónìí.

Mo ń tọ́jú owó láti mú màmá mi débẹ̀. Èdè wọn ò ní yé màmá, àmọ́ mo mọ̀ pé wọn ò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ láì kí. Oṣù kejì ni mo fẹ́ ká lọ, torí àsìkò ìjì níbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá.