Òṣìṣẹ́ Ìjọ, Aago, àti Agbára Ènìyàn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọ Nílùú Àbújá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ inú ọgbà Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Bí iṣẹ́ ìjọ kò ṣe ní ju agbára ẹni lọ la fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò, kí a tó ṣí Bíbélì.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ mú akọrin kan tó ń gbé Mararaba lẹ́bàá Àbújá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area láàárín ìlú. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Wákàtí 13 lójúmọ́ nìyẹn, 65 fún ọjọ́ márùn-ún. Oorun wákàtí méje, tí àwọn dókítà ní kí ti àgbàlagbà má dín sí, jẹ́ 49. Oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, omi, ọjà àti iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, jẹ́ 28. Ó ku 26. Ìsìn ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ìpàdé ẹ̀yìn ìsìn gba 7. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ìpàdé àdúrà Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ọ̀nà, gba 6. Ìdánrawò akọrin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gba 4. Ìṣọ́ òru gba 5. Wákàtí mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù, ìkómọ kan ní Lugbe á sì gbé e mì.

Bí alága bá tún ní kí akọrin yìí wá máa kọ́ àwọn ọmọdé, kò sí ibi tí wákàtí náà máa ti jáde bí kò ṣe ara oorun tàbí ara àwọn ọmọ rẹ̀. Oorun la sábà máa ń kọ́kọ́ fi ṣe é, torí òun ni kì í jà.

Ìdí mìíràn wà tí ẹrù yìí fi wúwo níbí. Nílé, l'Ọ́ṣun tàbí l'Ékìtì, ẹbí ló ń jókòó ti aláìsàn ní ọsibítù, àwọn ló ń dáná ìsìnkú. L'Ábújá, ìjọ ti di ẹbí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní “kò ní ṣeé ṣe fún mi” fi máa ń dà bí ẹni tó kọ ará ilé sílẹ̀. Ẹ ka irú iṣẹ́ báyìí mọ́ iṣẹ́ ìjọ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, torí kò sí lára pátákó ìfilọ̀.

Tẹ́ńpìlì fúnra rẹ̀ ò lo ẹnikẹ́ni lójoojúmọ́ ayé. Nínú 1 Kíróníkà 24, ìpín 24 ni wọ́n pín àwọn àlùfáà sí. Orí 25 pín àwọn akọrin 288 sí ìpín 24, méjìlá-méjìlá. Ìgbà tó kan ìpín ti Sakaráyà ló ń sìn ní Lúùkù 1. Númérì 8 tún ní kí ọmọ Léfì dẹ́kun iṣẹ́ líle ní ẹni 50 ọdún, kó máa ran àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta tẹ́ ẹ ṣì ń gbé àga lẹ́yìn ìsìn, ẹ tún orí yẹn kà.) Jẹ́tírò, àna Mósè, ò sì sọ pé Mósè nìkan ni yóò rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà láti àárọ̀ dalẹ́ náà yóò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí, ẹ ṣètò ìpín. Bí kíláàsì ọmọdé bá ń fẹ́ olùkọ́ méjì lọ́sẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́fà lẹ nílò, ẹ fi méjì kún un fún àìsàn àti ìrìnàjò. Bí ẹ ò bá rí mẹ́jọ, ẹ dín kíláàsì kù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó bá ti fi “bẹ́ẹ̀ ni” dáhùn lẹ́ẹ̀kan là ń padà lọ bá, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò sì gbọ́ ìpè kankan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè: ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ náà.

Bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé a ò lè gba iṣẹ́ ló le jù. “Rárá” gbígbẹ ò dára lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n “màá wò ó sà” burú jù ú lọ, torí olórí ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Irọ́ pé ọmọ ń ṣàìsàn náà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àṣírí rẹ̀ máa tú. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Akọrin ni mo wà báyìí. Bí mo bá fi èyí kún un, ọ̀kan á bàjẹ́. Èwo lẹ fẹ́ kí n fi sílẹ̀?” Ẹ dúró níbẹ̀. Bí àlàyé bá ti gùn, ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́, tí a kò kápá, ń fà: àárẹ̀ tó gbé agbára lọ, kí ọkàn kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó máa bínú sí i, kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni má sì yọrí mọ́. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá ti ń kanra mọ́ àwọn ọmọdé kíláàsì rẹ̀ máa mọ̀ ọ́n. Elíjà fẹ́ kú ní 1 Ọba 19. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó sì tún sùn. Èlíṣà sì wọ inú iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà.

Lórí ìṣọ́ òru: ẹni tó ti jí láti ìdájí Ẹtì kò gbọdọ̀ wa mọ́tò láago mẹ́rin òru. Kó sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ipò sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ lóṣù kan ṣáájú, ẹ mú ẹni tó ń bọ̀ mọ iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó wà níkàáwọ́ yín sínú ìwé. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá lọ tó ṣì di kọ́kọ́rọ́ yàrá ohun èlò mú, òun náà ni wọ́n á máa pè láago mọ́kànlá alẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́.