Ẹ̀ṣẹ́ Tí Mo Kàn, Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Mò Ń Rù

As-salaamu alaykum. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ańábì wa.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa lu ọmọṣẹ́ rẹ̀ títí ojú ọmọ fi wú, nítorí sípánà tó sọnù. Wọ́n pe ìrun Àsárì, ó ṣe àlùwàlá, ó dúró sí sáàfù àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Èmi náà dákẹ́, torí mo mọ ohun tí ọwọ́ tèmi ti ṣe.

Nígbà èwe mi, mo kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Mushin. Ilé pákó ni, àpò iyanrìn méjì ló rọ̀ sí àjà, àwòrán Muhammad Ali, akànṣẹ́ Amẹ́ríkà, wà lára ògiri. Kóòṣì ń pariwo pé inú ríìngì ni ẹ̀ṣẹ́ mọ. Mi ò gbọ́. Mo kàn án mọ́ ọmọ kọ̀ńdọ́ kan lẹ́nu nítorí ṣéńjì, eyín rẹ̀ méjì yọ. Ẹ̀rín ni mo rín lọ. Mo ti túúbá láti ìgbà náà, mo sì rò pé ó ti tán.

Ẹ gbọ́ ìtàn Abu Mas'ud al-Badri, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ańábì, bó ṣe wà nínú ìwé hádíìsì Sahih Muslim. Ó ń fi pàṣán na ẹrú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn: "Mọ̀ dájú, Abu Mas'ud!" Ìbínú ti dí i létí, kò mọ ohùn ta ni. Ohùn náà ń sún mọ́ ọn: "Mọ̀ dájú, Abu Mas'ud!" Ìgbà tó máa wò, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni! Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ańábì ní: "Mọ̀ dájú pé agbára tí Ọlọ́hun ní lórí rẹ ju èyí tí ìwọ ní lórí ọmọ yìí lọ." Abu Mas'ud dá ẹrú náà sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Ańábì ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná ì bá jó o.

Sàhábé ni o! Ọ̀dọ̀ ẹni tó lù gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ali tí a gbé sára ògiri yẹn, ní 1964, ní Accra, ó kẹ̀yìn sí Malcolm X, oníwàásù Mùsùlùmí ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olùkọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì 1965, wọ́n yìnbọn pa Malcolm. Nígbà tí Ali dàgbà, ó ní kíkẹ̀yìn sí Malcolm yẹn wà lára àṣìṣe tí òun kábàámọ̀ jù láyé. Ta ni yóò bẹ̀? Sàréè kì í dáhùn.

Ìwọ tí ò ń lu ìyàwó, ìwọ tí ò ń fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú, ìrun rẹ ni wọn yóò máa bù fún àwọn tí o lù ní Àlùkìyáámọ̀. Bí láádá rẹ bá tán, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni wọn yóò kó lé ọ lórí. Ọwọ́ tí o fi ń ṣe àlùwàlá yẹn ni yóò jẹ́rìí. Kí lo fẹ́ wí?

Lánàá, mo padà sí Mushin. Mo béèrè káàkiri títí mo fi rí ọmọ kọ̀ńdọ́ yẹn. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó wò mí pẹ́, ó la ẹnu, ó fi àlàfo eyín hàn mí. Ó ní, "Alfa, ẹ padà wá lọ́la." Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tiyín ò tíì lọ jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù yín ló ṣì ń sùn.