Ẹ Má Kọ MS Nìkan Sínú Fọ́ọ̀mù VA

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní Amẹ́ríkà, tí àìsàn multiple sclerosis (MS) wá ń bá yín fínra, ẹ̀yin ni mo bá wá.

MS máa ń jẹ awọ tó bo iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibi tó bá jẹ dé, ibẹ̀ ló ń dà rú: ojú, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀. Bó bá fara hàn dáadáa láàárín ọdún 7 tẹ́ ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, lè gbà pé iṣẹ́ ogun ló fà á. Ìdá nínú 100 ni VA fi ń díwọ̀n bí àìsàn ṣe le tó, òun ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó ẹni. Ìdá 30 nínú 100 ni ìwọ̀n tó kéré jù fún MS. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn dúró sí, ó sì ń dùn mí, torí ẹ̀tọ́ wọn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá dárúkọ ohun tí àìsàn náà bà jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtọ̀. Ẹni tó ń jí lẹ́ẹ̀mejì lóru lọ tọ̀, ìdá 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, 20. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún sókè, 40. Bí ìtọ̀ bá ń jò, tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ páàdì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, ó di 60. Àmọ́ ojú ń tì wá láti sọ ọ́. Dókítà á béèrè, a ó ní, "A dúpẹ́, ó ń sàn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé àti bíró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aago méjì òru tẹ́ ẹ jí, ẹ kọ ọ́. Kí ọkọ tàbí ìyàwó yín náà kọ ohun tó ń fojú rí.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ohun tí MS bí lọ́mọ: ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ, tàbí orúnkún tó bà jẹ́ nítorí ẹsẹ̀ tí ò lágbára mọ́ ń gbé yín ṣubú. Èyí ń fẹ́ ìwé dókítà. Kò pọn dandan kó búra. Kó ṣáà kọ ọ́ pé ó kéré tán, bó ṣe lè má jẹ́ MS ló fà á náà ló ṣe lè jẹ́ òun, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Wọn kì í ro àwọn ìdá yìí pọ̀ lásán o. 40 àti 30 kì í ṣe 70. 60 ni wọ́n á kà á sí.

Fọ́ọ̀mù 21-526EZ lẹ máa kọ láti béèrè owó náà. Aṣojú ẹgbẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí VA fọwọ́ sí, á bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé ò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù 21-0966, tó ń sọ fún VA pé ẹ fẹ́ béèrè, ránṣẹ́ lónìí: ó ń di ọjọ́ yín mú fún ọdún 1, owó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ náà.