Ojú Ẹni Tí A Kò Mọ̀: Fọ́tò Dúdú àti Funfun níbi Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò, ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ rí, tí a ń yà ní dúdú àti funfun lọ́jọ́ tí Arugbá bá ru igbá Ọ̀ṣun lọ sí odò ní Òṣogbo, lóṣù kẹjọ ọdún. UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, àwọn ayafọ́tò sì ń ti ilé àti òkè òkun wá síbẹ̀. Ohun tí mo dúró lé ni pé fọ́tò dúdú àti funfun tètè máa ń sọ ẹni tí a yà di aláìlórúkọ, nítorí náà gbèsè tí ayafọ́tò jẹ ẹni náà pọ̀ ju ti ẹni tó ya aláràbarà lọ.

Láàárín àwọn olórìṣà, àwọ̀ ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí ènìyàn ń sìn. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ti Ọbàtálá, pupa àti funfun ti Ṣàngó, idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin ti Ọ̀ṣun: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ti dá olúwarẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè. Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, àwọ̀ oyin a máa súnmọ́ funfun, pàápàá bí a bá fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo lẹ́ǹsì, tí ọmọ Ọ̀ṣun yóò fi fẹ́ jọ ọmọ Ọbàtálá. Iyùn pupa ní tirẹ̀ a ṣú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Gíláàsì pupa lè mú kí iyùn náà tún yọ, ṣùgbọ́n yóò sọ ara dúdú di pípọ́n, èyí tí èmi kò fara mọ́. Nígbà tí àwọ̀ bá ti lọ, abẹ̀bẹ̀ ọwọ́, irun orí àti ìdúró ènìyàn ni yóò sọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ kò lè sọ mọ́. Àwọn ni kí a wá.

Aṣọ funfun náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí àwọn aláṣọ funfun bá kún inú fọ́tò, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà yóò kà á sí pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, aṣọ yóò di aláwọ̀ eérú, ojú àwọn tó wọ̀ ọ́ yóò sì ṣókùnkùn. Láti ojú ènìyàn ni kí a ti wọn ìmọ́lẹ̀; ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò fẹ́ sọ ojú dúdú di aláwọ̀ eérú, kí a dín ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan (stop) kù nínú rẹ̀ kí ara dúdú lè dúró ní dúdú. Bí ìṣẹ́po aṣọ bá tilẹ̀ sọnù sínú funfun, ẹ jẹ́ kó sọnù.

Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé tó gúnlẹ̀ sí Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1946, lo Rolleiflex, kámẹ́rà tí a ń gbé sí àyà, tí ayafọ́tò ń tẹrí wò láti òkè. Ojú rẹ̀ kò fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, fọ́tò méjìlá péré ló sì wà nínú fíìmù kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ wa, títí ó fi di babaláwo tí à ń pè ní Fátúmbí. Pípadà tó ń padà yìí ni mo kà sí ju kámẹ́rà rẹ̀ lọ.

Ẹni tó jáde sí ìgboro lọ́jọ́ ọdún mọ̀ pé a óò rí òun, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ó gbà kí a gbé ojú òun kiri ayé. Bí ojú ẹnì kan ṣoṣo bá máa gba gbogbo fọ́tò, ẹ kí i, “Ẹ kú ọdún o, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé,” kí ẹ fi kámẹ́rà hàn án, kí ẹ sì dúró de èsì. Bí ìyá àgbà bá fọwọ́ bojú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ní ti ẹni tí òrìṣà gùn, kò sí ní ipò tí yóò fi dá wa lóhùn, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe yà á.

Ohun kan tún ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò máa ń yẹra fún fóònù àti kẹ́ẹ̀gì oníke tí àwọn ènìyàn fi ń bu omi Ọ̀ṣun, kí àwòrán lè dà bí ti ayé àtijọ́. Obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tọrọ ọmọ lọ́dún yìí ń gbé ayé kan náà pẹ̀lú wa. Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà nínú fọ́tò, kí ẹ kọ ọdún tí ẹ yà á sí abẹ́ rẹ̀, àti orúkọ rẹ̀ bí ó bá fún yín láṣẹ.