Ta Ni Òkú Náà, Kí Ni Ẹjọ́ Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ sinimá sọ. Mo gé e kúrú díẹ̀ kí n tó gbé e síbí, mi ò gé àwàdà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, a sì ti fi mẹ́wàá kí ara wa, torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dùn mí. Fíìmù The Possession tó jáde ní 2012 ní dybbuk, ẹ̀mí kan nínú ìtàn àwọn Júù, ni òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni.

Inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "lẹ̀ mọ́" ni wọ́n ti yọ dybbuk. Kì í ṣe gígùn bí òrìṣà ṣe ń gun elégùn. Elégùn mọ ẹni tó ń gun òun, ó tiẹ̀ ń retí rẹ̀. Kì í sì í ṣe ànjọ̀nnú. (Mi ò ní pè é ní èṣù, kí àwọn oníṣẹ̀ṣe tó jókòó lẹ́yìn má baà sọ bàtà lù mí.) Òkú èèyàn ni: ẹni tó gbé ayé rí, tí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tàbí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò jẹ́ kó ríbi sinmi, tó wá lẹ̀ mọ́ alààyè bí àtè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe fíìmù a máa ní, "Òkú ni o, ànjọ̀nnú ni o, ẹ̀rù ṣáà ni ká dá bà wọ́n." Ẹ gbọ́, ànjọ̀nnú kò ní ẹjọ́. Òkú ní ẹjọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìlú Safed (ní Ísírẹ́lì òde òní), láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Isaac Luria, olùkọ́ àwọn Júù nípa ohun ìjìnlẹ̀ tó kú ní 1572, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi òkú náà. Kí lorúkọ rẹ? Kí lo ṣe nílé ayé? Wọ́n á wá ọ̀nà ìsinmi fún òkú bí wọ́n ṣe ń wá ìwòsàn fún alààyè.

S. An-sky, òǹkọ̀wé Júù, rìn káàkiri abúlé àwọn Júù ní Volhynia àti Podolia (Ukraine òde òní) láti 1912 sí 1914, ó ń kó ìtàn jọ. Eré rẹ̀, The Dybbuk, wọ orí ìtàgé ní Warsaw ní December 1920, oṣù kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ kú. A jọ wo fíìmù tí Michał Waszyński fi ṣe ní 1937, torí náà mi ò ní tún un rò. Ẹ ṣáà rántí rábì yẹn, olórí ẹ̀sìn Júù tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dybbuk lọ bá. Ilé ẹjọ́ ló gbé kalẹ̀! Ó ránṣẹ́ pe Nisn tó ti kú, kó wá rojọ́ lórí Sender, ọ̀rẹ́ tó bá a ṣàdéhùn pé ọmọ wọn yóò fẹ́ra, tó wá rí owó, tó gbàgbé. Ọmọ Nisn ló kú, tó wá lẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin Sender.

Ẹ wá wo ti 2012. Ole Bornedal, ará Dẹ́ńmáàkì, ló darí rẹ̀. Sam Raimi wà lára àwọn tó gbé e jáde. Ọmọbìnrin kan, Em, ra àpótí níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Àfòpiná kún yàrá, ìka yọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá ọmọ rábì kan rí ní Brooklyn. Ta wá ni òkú inú àpótí? Orúkọ tó jẹ́ ni Abyzou, orúkọ ànjọ̀nnú àtijọ́ tó ń pa ọmọ ọwọ́! Kò kú rí, torí kò gbé ayé rí. Ilé tí bàbá àti ìyá ti kọ ara wọn, dókítà tí kò rí i ṣe, ọkùnrin tó ní kí ẹ̀mí náà kúkú wọ inú òun: àwa tó ti wo The Exorcist ti 1973 mọ ẹni tó ni aṣọ yìí. Wọ́n kàn bọ́ ẹ̀wù àlùfáà Àgùdà, wọ́n dé fìlà dúdú. Matisyahu olórin tó ṣe ọmọ rábì náà ṣe dáadáa, mo gbà.

Kókó kẹta, lórí ara obìnrin, ẹ jẹ́ ká fò ó, aago ti lọ. Ìkẹrin: Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Ìlà Oòrùn Yúróòpù, ni fíìmù 1937 ń sọ, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ogun wọ Pólándì. Ó yẹ kí ìyẹn gba wákàtí kan.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n kọ ọ́ sínú fíìmù 2012 pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? Mo rí àpótí yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, àbúrò, 2003 ni Kevin Mannis gbé àpótí ọtí kan sórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìtàn tó ń dẹ́rù bani; ibẹ̀ ni fíìmù náà ti wá. Ní 2021, ó jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé òun ló hun ìtàn náà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò jókòó. "Ṣé An-sky náà ò hun tirẹ̀ ni?"

Mo dákẹ́. Mo pa ìwé tí mo kọ kókó yòókù sí dé. Òótọ́ ni, ó hun ún, mi ò bínú sí irọ́. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé kò sẹ́ni tó jẹ Abyzou ní gbèsè; ẹ tì í padà sínú àpótí, ó parí. Nínú ìwé eré An-sky, ìdájọ́ ni pé kí Sender pín ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tálákà, kó sì máa gbàdúrà fún òkú méjèèjì, Nisn àti ọmọ rẹ̀, lọ́dọọdún. Sender gbà. Àwọn adájọ́ wá kíyè sí i pé Nisn kò ṣe Àmín.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí, kò sì sí àfòpiná kankan níbẹ̀. Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ mi kí n tó délé ọ̀rọ̀.