Òṣómàáló fún Ẹni Tó Wà ní Àtìmọ́lé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Iléṣà

Ẹ̀yin ará, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ẹsẹ 25 la máa ń fi ṣe ìsọjí. Pọ́ọ̀lù àti Sílà gbàdúrà, wọ́n kọrin, ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn túbú ṣí. Ibẹ̀ la máa ń pa Bíbélì dé. Ẹ ka ẹsẹ 37. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn adájọ́ ìlú ní kí wọ́n máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀ jálẹ̀: wọ́n nà wá ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wa, ọmọ Róòmù sì ni wá, kí wọ́n wá mú wa jáde fúnra wọn. Wọ́n wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó gbàdúrà lóru ló béèrè òfin láàárọ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé "Ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́" ti gé orí náà sí méjì.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó lè panu mọ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn sọ̀rọ̀. Ẹ di "ẹlòmíràn" yẹn mú: pásítọ̀ lè jẹ́ ẹ, ìyá ìjọ lè jẹ́ ẹ. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Kóòtù májísíréètì wà ní Iléṣà níhìn-ín.

Bí wọ́n bá mú ọmọ ìjọ kan, kí ẹni méjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin má lọ. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n mú un àti orúkọ ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀sùn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó, torí bí owó bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀ ti di ọjà nìyẹn. Béèlì kì í ṣe títà. Ìjọ tó bá sanwó lónìí ti dá iye lé tálákà tó ń bọ̀ lọ́la. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni sitétíméǹtì: kó má tẹ̀ka sí i títí wọ́n yóò fi kà á fún un ní Yorùbá. Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tó ń tajà láwìn, mọ bí a ṣe ń lóṣòó gba gbèsè. Opó inú Lúùkù orí 18 náà lóṣòó ti adájọ́. Ẹ lóṣòó síbẹ̀.

Àkókò ti lọ. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, yàtọ̀ sí búrẹ́dì àti ọṣẹ, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kí ẹ gbé e lọ fún Legal Aid Council, tí í gbẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá kan dìde: "Ẹ̀yin pásítọ̀, bó bá jẹ́ gbèsè ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ló jẹ, tó sì jẹ́ pé ọmọ ìjọ wa ló ní kí ọlọ́pàá gbé e ńkọ́?"

Màmá, ìbéèrè yín ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè lásán. Ọ̀rọ̀ ti jìbìtì yàtọ̀. Ìránṣẹ́ inú Mátíù 18 tó sọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí túbú nítorí ọgọ́rùn-ún owó ni ọmọ ìjọ tó pe ọlọ́pàá yẹn. Òṣómàáló fúnra rẹ̀ ló ń lóṣòó níwájú onígbèsè, kò ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò ohun tó ti san àti ohun tó kù, ẹ kọ iye tí yóò máa san lóṣooṣù, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bó bá yẹ̀ ẹ́, ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó pe ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ lónìí, kó kọ̀wé pé òun fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn, kí arákùnrin rẹ̀ lè sùn nílé.