Orin "Happy Birthday": Ẹnu Ta Ló Ti Jáde?

Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn síbí, òun nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni, ibi tí iná ti lọ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi kọ orin kan, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà: Happy birthday to you... Ó ti tó, ẹ ṣeun. Ẹ rí i pé mi ò pín ìwé orin fún ẹnikẹ́ni. Bàbá tó jókòó níwájú níbí kọ ọ́, ọmọ kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ màmá rẹ̀ lọ́hùn-ún náà kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ibi tí ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí orin bá ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn báyìí, ohun táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé "àbáláyé ni jàre, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn," ọ̀rọ̀ sì parí. Mi ò gbà. Àwọn tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí mọ̀ pé ibi tí mo máa ń dé sí nìyí, mo sì tún máa dé ibẹ̀ lónìí: kò sí orin tó jábọ́ látọ̀run, ẹnìkan ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ wo "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́". Mélòó nínú wa ló rò pé àwọn baba ńlá wa ló ti ń ké e bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀? J. F. Ọdúnjọ ló kọ ọ́, ó wà nínú Aláwìíyé, tíṣà ni bàbá náà, ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Orin ọjọ́ ìbí yìí náà, tíṣà ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún mi, tíṣà.

Ìlú Louisville là ń lọ, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, l'Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ pásítọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Mildred Hill, 1859 ni wọ́n bí i, àbúrò ń jẹ́ Patty, 1868 ni wọ́n bí tiẹ̀. Mildred mọ dùùrù tẹ̀, ó sì tún létí, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà máa ń wọ̀ ọ́ lára débi pé ní 1892 ó kọ àròkọ nípa ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kan, Johann Tonsor ló pe ara ẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin. Patty ní tiẹ̀, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni. Nǹkan tuntun ni jẹ́lé-ó-sinmi nígbà yẹn, Jámánì ni wọ́n ti mú un wá, ọ̀pọ̀ tíṣà tó ń ṣe é sì kàn ń tẹ̀lé ìwé bí ẹni ń ka kátíkísìmù ni. Patty ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kílé kàn sinmi ló ń wá, ohun tó ń wá ni pé kí ọmọ ṣeré, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kan nǹkan, kó kọrin. Àwọn pákó ńláńlá kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní, tí ọmọ lè fi kọ́ ilé tóun fúnra ẹ̀ lè wọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí torí ibẹ̀ gan-an ni orin wà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ orin yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà, Patty búra, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Mildred á gbé ohùn orin kalẹ̀, Patty á fi ọ̀rọ̀ sí i. Tílẹ̀ bá mọ́, Patty á gbé e lọ sí kíláàsì, á kọ́ àwọn ọmọ. Tó bá rí i pé ibì kan ga jù fún wọn, kò ní bínú sọ́mọ o, kò ní sọ pé ẹ gbóhùn sókè, orin lá gbé padà wálé lálẹ́, ẹ̀gbọ́n á tún jókòó sídìí dùùrù, wọ́n á tún un ṣe, tílẹ̀ bá tún mọ́, ó di kíláàsì. Báyẹn ni wọ́n á ṣe máa lọ máa bọ̀ títí tí ọmọ tó kéré jù á fi lè kọ ọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn ọmọ tí ẹ̀ẹ́kánná wọn ń run chalk, tí ikun wà nímú wọn, àwọn ló ń gba orin wọlé, àwọn ló ń dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe "Good Morning to All", orin tí tíṣà fi ń kí ọmọ láàárọ̀: Good morning to you, ẹ̀ẹ̀mejì, ó wá kan good morning dear children, lẹ́yìn náà good morning to all. Ní 1893, Clayton Summy tẹ̀ ẹ́ jáde ní Chicago nínú ìwé orin tí wọ́n ṣe fún jẹ́lé-ó-sinmi. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n wò, láti ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dé èyí tó ga jù, ohùn mẹ́jọ péré ni, ìlà kẹta nìkan ló sì ti dé òkè pátápátá yẹn, lẹ́ẹ̀kan, ó yáa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ lórin rí á mọ̀ pé èèyàn ò ṣèèṣì ṣe irú ẹ̀.

Báwo ló wá ṣe di ti ọjọ́ ìbí? Patty ní ohùn kan náà làwọn ń lò fún gbogbo nǹkan. Ọmọ fẹ́ rìnrìn àjò, happy journey to you. Kérésì dé, happy Christmas to you. Wọ́n fẹ́ gba ọlidé, happy vacation to you. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà wà níbẹ̀. Ẹ wá fetí sí nǹkan kékeré kan, ẹ fọwọ́ lu ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ kà á: Good mor-ning to you, sílébù márùn-ún. Hap-py birth-day to you, mẹ́fà. "Good" jókòó sórí ohùn kan ṣoṣo. Nígbà tí "Happy" dé, méjì ni, ni wọ́n bá gé ohùn kan yẹn sí méjì, ó ń lọ ká-ká lójú kan, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orin méjèèjì ò ju ìyẹn náà lọ. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹnu ọmọdé ló gé e, torí bí ọmọ ṣe máa ń ṣe orin nìyẹn, ọ̀rọ̀ tuntun á kàn rọ́ wọlé, orin á sì yẹ̀ fún un.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kan máa ń bá mi jà lórí èyí. Wọ́n á ní ṣé mi ò mọ̀ pé Horace Waters ti tẹ orin tó ń jẹ́ "Happy Greetings to All" jáde ní 1858, kí wọ́n tó bí Mildred pàápàá, pé gbogbo ayé ló ń kọ "nǹkan báyìí to all" nígbà náà. Mo mọ̀. Ṣé torí pé èèyàn ẹgbẹ̀rún ló ń sọ "ẹ káàárọ̀", ẹni tó fi ẹ káàárọ̀ ṣe orin ò wá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Ìkíni ni wọ́n ń tọ́ka sí, orin ni mò ń sọ. Kí wọ́n lọ kọ àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n wá pè mí.

Wọ́n ti ń fi ìwé hàn mí pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ n sáré.

Ní nǹkan bí 1911 sí 1912, ọ̀rọ̀ "Happy birthday to you" ti ń jáde nínú ìwé. Ní 1922, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé orin kan. 1916 ni Mildred kú, kò tiẹ̀ mọ ibi tí orin náà máa dé. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ Western Union, tó ń bá èèyàn fi wáyà ránṣẹ́ nígbà yẹn, fi í ránṣẹ́ sí olórin Rudy Vallée fún ọjọ́ ìbí ẹ̀, wáyà tí wọ́n kọ lórin, àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ nínú eré orí ìtàgé kan ní Broadway, ní New York, As Thousands Cheer, wọn ò tọrọ, wọn ò sanwó, ni àbúrò Mildred àti Patty, Jessica Hill, bá gbé àwọn eléré náà lọ sí kóòtù. 1935, ilé-iṣẹ́ Summy fi orúkọ sílẹ̀ pé àwọn làwọn ni ín. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi í sínú sinimá, owó ni. Ilé oúnjẹ mìíràn l'Amẹ́ríkà kúkú ṣe orin tiwọn kí wọ́n má baà kó sí wàhálà. 1988, Warner/Chappell, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ orin, ra ilé-iṣẹ́ tó ni ín, mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ní wọ́n rà á, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ló sì ń mú wọlé lọ́dún. Jennifer Nelson tó ń ṣe fíìmù nípa orin yìí gan-an san 1,500 dọ́là kó tó lè lò ó, inú bí i, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2013. Ní September 2015, Adájọ́ George King dájọ́ pé ẹ̀tọ́ tó dé ọwọ́ Summy ò ju ti àwọn ìṣètò dùùrù kan lọ, kò kan ọ̀rọ̀ orin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mílíọ̀nù 14 dọ́là parí ìjà, orin wá di ti gbogbo ayé.

Èyí tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹjọ́ yẹn, ìwé ni wọ́n ń wá. Ta ló buwọ́ lù ú, ta ló fi orúkọ sílẹ̀, lọ́dún wo. Kò sẹ́ni tó béèrè àwọn ọmọ kíláàsì yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni...

Ibi tí mo dé nìyẹn tí màmá kan fi nawọ́, tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n ẹ. O ní àwọn obìnrin yẹn tún orin ṣe kó lè bá ẹnu ọmọ mu. Ó dáa. Èmi náà kọ́ ọmọ. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n kọ orin yìí ní Yorùbá, kò bá wọn lẹ́nu mu. Ọmọ kan ní, 'Ànńtí, kí ló dé tá a fi ń kọrin ọjọ́ ibi?' Ẹnu ọmọ ta wá ni orin yẹn bá mu?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Èmi náà dákẹ́. Mo pa ìwé tó kù lọ́wọ́ mi dé, torí ìbéèrè yẹn ju gbogbo ohun tí mo tún fẹ́ sọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Sílébù mẹ́fà ni, Hap-py birth-day to you náà mẹ́fà. Téèyàn bá kà á lásán, á ní ó bára mu rẹ́gí. Ẹ wá fi dò-re-mí tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì wọ̀n ọ́n: re, mí, re, mí, dò, mí. Orin wá ńkọ́? "Ẹ" àti "kú" wà lójú kan náà. "Ọ" gòkè, "jọ́" sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ "jọ́" ló yẹ kó gòkè. Ó wá kan "ìbí": "ì" tó jẹ́ dò, òun ni orin gbé lọ sókè jù nínú ìlà náà, "bí" tó jẹ́ mí ló wá sọ̀kalẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ó sọ̀ jìnnà o, ààbọ̀ ìgbésẹ̀ péré ni, ohùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tí etí Yorùbá sì máa gbọ́ ni re-re. Ibi. Ọmọ yẹn ò ṣàṣìṣe rárá. Ohun tá a kọ sí i létí ló gbọ́.

Ẹ tún lọ síbi tí a ti ń dárúkọ. Lẹ́yìn "dear", ohùn méjì tó kù ń sọ̀kalẹ̀ ni. Tọ́mọ bá ń jẹ́ Ayọ̀, ó bọ́ sí i, re-dò, bí ìgbà tí wọ́n rán an fún un. Tó bá ń jẹ́ Adé, orúkọ ẹ̀ dojú dé, ọmọ ń ṣọjọ́ ìbí, gbogbo ilé ń pe orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó pẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti kọ́ ọ, àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn kàn to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn òyìnbó ni, ìdí nìyẹn tí Ekundayo Phillips, tó ṣe ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni kí orin tẹ̀ lé.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú." Wọ́n wá. Wọ́n gba chalk, wọ́n kọ re mí re mí dò mí sójú pátákó, wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń kíni, wọ́n wá rọra fà á di orin, "ìbí" lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó wá fò sókè. Àwọn ìyá tó wà lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ń lu tábìlì. A kọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó wá gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wa. Ìlà ibi orúkọ nìkan ni kò tíì jókòó, torí Adé fẹ́ kó gòkè, Ayọ̀ fẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Màmá ní ká fi sílẹ̀, pé àwọn ọmọ kan wà tó ń wá sọ́dọ̀ àwọn fún lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, àwọn á gbé e fún wọn.